Ọjọ́ mẹ́fà ní Benin: ìlú wo ni ká lọ, èwo ni ká fi sílẹ̀?

ỌmọAláró

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí láàmú láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi àti màámi fẹ́ lọ sí Benin lẹ́yìn Kérésì, Benin ti Kútọnu ni mò ń sọ o, kì í ṣe Bìní. Màámi ti lé ní ọgọ́ta ọdún, aró ni wọ́n ti ń rẹ látìgbà ọmọge wọn, gbogbo ìrìn àjò tí wọ́n ti rìn ò kọjá Èkó àti Kánò, àfi bí wọ́n ṣe jí lọ́jọ́ kan tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú rí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Fàransé. Èmi ni mò ń sanwó, ọjọ́ mẹ́fà péré ni ọ̀gá mi sì yọ̀ǹda fún mi. Mo ti kọ ìlú sílẹ̀: Kútọnu, Ganvié, Ouidah, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Àgbómẹ̀ (Abomey), Kétu, Ìdáàṣà, ẹnì kan tún ní kí n má gbàgbé Natitingou. Ìlú mẹ́jọ, ọjọ́ mẹ́fà. Mo mọ̀ pé kò lè bọ́ sí i, ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí mo bá ti fẹ́ pa rẹ́, á máa ṣe mí bíi pé òun gan-an ló yẹ kí n lọ wò. Ẹ bá mi dá sí i, èwo ni kí n yọ?

Wọlé-Wọ̀de

Ọmọ aláró, ẹ kú àárọ̀. Natitingou ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ ká tó máa jiyàn lórí ìyókù. Òkè lọ́hùn-ún ló wà, ó lé ní 500 kìlómítà sí Kútọnu. Òótọ́ ni pé àwọn ilé amọ̀ wọn tó dà bí odi kékeré, Tata Somba ni wọ́n ń pè é, kò sí irú ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa níbí, ṣùgbọ́n lílọ ọjọ́ kan bíbọ̀ ọjọ́ kan, kí ló kù nínú mẹ́fà? Àti pé apá ibi tó ti bá Burkina Faso pààlà yẹn, àwọn agbébọn ti ń ṣọṣẹ́ níbẹ̀ láti ọdún mélòó kan. Ẹ má gbé màmá lọ síbẹ̀.

Èkejì, ẹ má ka orúkọ ìlú lórí ìwé, ẹ wo ọ̀nà. Èmi ti ń ná Kútọnu láti bí ọdún méjìlá torí ọjà, ohun tí mo sì rí ni pé àwọn tó bá gba hòtẹ́ẹ̀lì sí Kútọnu, tí wọ́n wá ń jáde lọ sí ìlú mìíràn láàárọ̀ tí wọ́n ń padà wálé lálẹ́, inú gosiló ni wọ́n ń lo ọjọ́ wọn mọ́. Ẹ yí i po ni. Ẹ gba Abẹ́òkúta jáde sí Ìdìrókò, Àjàṣẹ́ ò jìnnà sí bọ́dà yẹn rárá, ẹ sùn síbẹ̀. Láti Àjàṣẹ́ ẹ gba inú Kútọnu kọjá sí Ouidah. Láti Ouidah ẹ gòkè lọ sí Bohicon, tẹ́ ẹ bá ti dé Bohicon, ẹ ti dé Àgbómẹ̀ nìyẹn. Láti Bohicon, ọ̀nà kan wà tó gba Covè lọ sí Kétu. Láti Kétu, ẹ sọ̀ kalẹ̀ gba Pọ́bẹ̀ àti Sakété, ẹ yọ sí Ìgolo, Ìdìrókò rèé. Ẹ ò ní gba ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìlú mẹ́rin, ó parí.

Kútọnu fúnra ẹ̀, ẹ wò ó láti inú mọ́tò. Mi ò fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀ o, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun, ṣùgbọ́n ìlú òwò ni. Ọjà Dàǹtokpá tóbi débi pé èèyàn lè sọnù síbẹ̀, ère obìnrin jagunjagun tí wọ́n gbé dúró ní 2022 náà ga tó 30 mítà, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ ya fọ́tò, ẹ tún wọlé padà. Òun nìyẹn.

Òròkí4Life

Gbogbo aáyan yìí lórí Benin lásán? Ẹ fi kún owó yẹn, ẹ gbé màmá lọ Dubai jàre 😂

Wọlé-Wọ̀de

Kí ni màmá fẹ́ lọ wò ní Dubai, jíǹgí ara ilé? Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

Àǹtí Òkèfìà

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yọ Ganvié o! Odidi ìlú lórí omi. Wọ́n ní nígbà tí àwọn tó ń kó ẹrú ń lé àwọn bàbáńlá wọn káàkiri ni wọ́n sá wọ inú adágún Nokoué, wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀, wọ́n kọ́lé lé e, títí dòní orí ẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé. Ọjà wọn orí omi ni, àwọn obìnrin á kó tòmátò àti ata sínú ọkọ̀, wọ́n á máa wa ara wọn bọ̀. Ẹ̀ka igi ni wọ́n ń gún mọ́lẹ̀ lábẹ́ omi kí ẹja lè wá sá síbẹ̀, wọ́n á wá fi àwọ̀n yí i ká. Èmi ti lọ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣì wà lọ́kàn mi. Ẹ̀yin ẹ ṣáà má yọ fóònù síta láìtọrọ àyè, ìyá kan wà tí mo nà án sí, ńṣe ló fa fìlà kòríko orí ẹ̀ bo ojú ló yí ọkọ̀ ẹ̀ padà, ojú tì mí gan-an.

ỌmọAláró

Àǹtí ẹ ṣé gan-an, àmọ́ màámi ò lè wọ ọkọ̀ ojú omi láéláé. Wọ́n ní odò Òṣun tí wọ́n bí àwọn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gan-an, àwọn ò wọkọ̀ lórí ẹ̀ rí.

Àǹtí Òkèfìà

Ó ti parí nìyẹn. Ẹ bá mi kí màmá.

Tíṣà_Fàransé

Ẹ jọ̀ọ́, mo pẹ́ kí n tó rí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi kẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ ní Àjàṣẹ́, torí náà ẹ fojú ẹni tó ní ojúsàájú wò mí. Tó bá jẹ́ ìlú kan ṣoṣo lẹ máa lọ, Àjàṣẹ́ ni. Òun ni olú ìlú lórí ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kútọnu ni ìjọba ń jókòó sí, ìdí nìyẹn tó fi dákẹ́ rọ́rọ́, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn ín. Nǹkan tí màmá máa gbádùn jù níbẹ̀ ni pé wọ́n máa gbọ́ èdè. Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, wọ́n lè fi Yorùbá nájà láti àárọ̀ di alẹ́. Ohùn wọn á yàtọ̀ díẹ̀, wọ́n á máa ki èdè Gùn àti Fàransé bọ̀ ọ́, àmọ́ wọ́n á gbọ́ra wọn yé.

Ẹ lọ wo mọ́ṣáláṣí ńlá tó wà lẹ́bàá ọjà. Àwọn Àgùdà ló kọ́ ọ, àwọn ọmọ ẹrú tó padà dé láti Brazil, ìgbà tí wọ́n sì fẹ́ kọ́ mọ́ṣáláṣí, irú ilé tí wọ́n mọ̀ ní Bahia ni wọ́n kọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo dúró lójú títì, mò ń wá àgbélébùú lórí ẹ̀, ìyàwó tó ń ta ògì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni ló bú sẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo àlejò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà ẹ̀ ti ń ṣí nígbà náà, pupa, yẹ́lò, búlúù, ó wá lẹ́wà sí i ni. Ààfin ọba Toffa náà wà níbẹ̀, ẹni tó bá Fàransé mulẹ̀ nígbà tí ojú ń pọ́n ọn, ààfin náà ti di mùsíọ́ọ̀mù. Tí ẹ bá fẹ́ràn oko, ẹ béèrè Songhaï, oko àti ilé ẹ̀kọ́ tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, níbi tí ìdọ̀tí ẹran ti ń di gáàsì ìdáná, tí ìdin sì ń di oúnjẹ ẹja. Wọ́n á se oúnjẹ fún yín níbẹ̀.

Lẹ́yìn Àjàṣẹ́, ẹ gbàgbé Yorùbá títí ẹ ó fi dé Kétu. Fọ̀n ni ti Ouidah àti Àgbómẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n á ní "kuabo" fún yín, ẹ ò nílò kí ẹnì kan túmọ̀ ìyẹn, ẹ̀yin ẹ dáhùn pé "a wanu", ìyẹn ni ẹ ṣé.

Bàbá Fọ́tò

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ti gbé kámẹ́rà lọ sí gbogbo ìlú tí ẹ dá yìí kí fóònù tó sọ gbogbo èèyàn di ayàwòrán. Mo fara mọ́ ọ̀nà tí Wọlé-Wọ̀de là, àmọ́ ẹ yọ Kétu kúrò, ẹ fi ọjọ́ yẹn kún Ouidah. Kétu ò ní ohun púpọ̀ tí ojú á rí. Ouidah ní.

Ẹni tó bá ti Òṣogbo lọ sí Ouidah, ara ẹ̀ á gbọ̀n. Igbó Kpassè wà níbẹ̀, ìtàn wọn ni pé ọba Kpassè ò kú, ó di igi ìrókò. Ère pọ̀ nínú igbó náà, Legba rèé lójú ọ̀nà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé Èṣù ni, Gu ni Ògún, Hẹvioso náà ń sán ààrá bíi ti Ṣàngó. Àfi bíi pé èèyàn wà nínú igbó Òṣun tiwa, kó tún máa retí pé iṣẹ́ ọwọ́ Susanne Wenger, òyìnbó tó mọ ère sínú igbó tiwa, á yọ lábẹ́ igi. Tiwa gbòòrò jù ú lọ, tiwa lómi, UNESCO sì ti kọ tiwa sílẹ̀ bí ogún àgbáyé láti 2005, mò ń fi ìyẹn yangàn díẹ̀ ni, ẹ má bínú. Ilé àwọn òjòlá náà wà láàárín ìlú, kò tóbi, ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ńlá ló dojú kọ ọ́ gbọngbọn, àwọn méjèèjì kì í bára wọn jà. Wọ́n á fẹ́ gbé ejò kọ́ yín lọ́rùn. Kò ní ṣe yín ní nǹkan, ara ẹ̀ tutù bí awọ bàtà tí òjò pa.

Lẹ́yìn náà, ọ̀nà ẹrú. Bíi kìlómítà mẹ́rin ni láti inú ìlú dé etí òkun. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn ín, tàbí ẹ̀yin ọmọ rìn ín kí màmá wọ ọ̀kadà wọn, zemidjan, tẹ̀ lé yín. Wọ́n á fi ibi tí igi ìgbàgbé wà hàn yín: ọkùnrin á yí i po lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀meje, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Níparí ẹ̀ ni Ẹnu Ọ̀nà Àìpadà, tí wọ́n kọ́ ní 1995, òkun ló kù lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn tó mọ ìtàn ní iye ẹni tí wọ́n kó gba ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan. Mo ya fọ́tò méjì níbẹ̀, mo pa kámẹ́rà dé.

Tí ẹ bá sún ìrìn àjò yín siwájú kó bọ́ sí 10 oṣù Kìíní, ọdún àwọn oníṣẹ̀ṣe wọn nìyẹn, gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń gba ìsinmi. Ó dára gan-an, àmọ́ hòtẹ́ẹ̀lì Ouidah á ti kún bíi ti Òṣogbo nígbà ọdún Òṣun.

Ọmọ_Alákétu

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, àmọ́ mi ò gbà. Wọ́n bí mi sí Òṣogbo níbí, ṣùgbọ́n bàbá tó bí bàbá mi, Kétu ló ti wá, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi.

Ẹ ní kí màmá lọ sí Àgbómẹ̀, ó dáa. Ààfin àwọn ọba Dàhọ̀mì, ìjọba àwọn Fọ̀n àtijọ́, ló wà níbẹ̀, UNESCO ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1985, wọ́n mọ àwòrán ogun sára ògiri amọ̀, ìtẹ́ ọba Ghézo tó wà níbẹ̀ orí agbárí èèyàn mẹ́rin ló dúró lé. Agbárí ta ni, ẹ máa bi ara yín. Ilé ẹni tó ṣẹ́gun lẹ fẹ́ lọ gbọ́rọ̀ yẹn. Abẹ́òkúta lé wọn padà ní 1851, wọ́n tún lé wọn ní 1864. Kétu ni ò bọ́. Ní 1886 àwọn ọmọ ogun Glèlè, ọba Dàhọ̀mì, yí ìlú ká títí ebi fi wọlé, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n dáná sun ún, wọ́n kó àwọn tó kù lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀ kan náà tí ẹ fẹ́ lọ ya fọ́tò. Ìgbà tí Fàransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba tó tẹ̀ lé Glèlè, ni àwọn tí ẹ̀mí wọn kù padà wá kọ́ ìlú. Òṣogbo tiwa tó bọ́ lọ́wọ́ ogun Ìlọrin ní 1840, a ṣì ń sọ ọ́ títí dòní, àwọn tí tiwọn ò bọ́ ńkọ́?

Ẹ ní kò sí nǹkan tí ojú á rí. Akaba Ìdènà ṣì wà, ẹnubodè àtijọ́, pẹ̀lú ògiri amọ̀ àti yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká nígbà ogun. Kétu náà sì ni wọ́n ń ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí, tí UNESCO kéde ẹ̀ ní 2001. Èmi ò ní kẹ́ ẹ má lọ sí Àgbómẹ̀ o, ẹ lọ. Ẹ kọ́kọ́ dé Àgbómẹ̀, kẹ́ ẹ wá ti ibẹ̀ bọ́ sí Kétu, bí Wọlé-Wọ̀de ṣe tò ó yẹn. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbé àwọn èèyàn wa gbà, ẹ̀yin á wá máa gbà á bọ̀.

Bàbá Fọ́tò

Ọmọ mi, o ti sọ̀rọ̀. Ọmọ aláró, fi Kétu sílẹ̀ níbẹ̀, mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

ỌmọAláró

Mo ka ọ̀rọ̀ Ọmọ_Alákétu sétí màámi, wọ́n ní ṣé a ò lè lọ lọ́la. Ó ti yé mi báyìí: Àjàṣẹ́ alẹ́ méjì, Ouidah kan, Àgbómẹ̀ kan, Kétu kan. Ìdáàṣà náà ti lọ nìyẹn, ó ṣe mí bákan torí àwọn òkè wọn. Ìwé wo la nílò? Owó ńkọ́?

Wọlé-Wọ̀de

ECOWAS ni wá, kò sí físà fún wa láàárín 90 ọjọ́, ṣùgbọ́n ẹ gba páspọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì (ti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú) fún ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i nígbà tí ẹ bá ń jáde níbí, kí wọ́n tún lù ú nígbà tí ẹ bá ń wọlé lọ́hùn-ún. Àwọn kan á sọ fún yín pé àwọn á gba ọ̀nà ẹ̀yìn gbé yín kọjá kíákíá, ẹ má dá wọn lóhùn, ẹni tí kò ní òǹtẹ̀ ni gbogbo ẹni tó bá ta okùn sójú ọ̀nà á máa fà wálẹ̀.

Owó sẹ́fà ni wọ́n ń ná. Ẹ ṣéńjì díẹ̀ ní bọ́dà, ẹ ṣe ìyókù nínú ìlú. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ máa ka owó yín fúnra yín níwájú ẹni tó ṣéńjì ẹ̀, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ kà á kẹ́yìn. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ lọ, ọmọkùnrin kan ka tèmi lójú mi kòrókòró, ó pé, ó ní kí n dá a padà kí òun tún un kà, ó dì í fún mi pẹ̀lú rọ́bà. Kútọnu ni mo ti tú rọ́bà. Ó ti ká àwọn kan sí méjì láàárín, mo ka ìdí wọn pọ̀ mọ́ orí wọn. Mo jẹ gààrí lọ́jọ́ méjì.

Àti pé ní Àgbómẹ̀ àti Ouidah, wọ́n ti ń tún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn kọ́ láti bí ọdún mélòó kan. Ẹ béèrè èyí tó ṣí kẹ́ ẹ tó sanwó mọ́tò.

ỌmọAláró

A ti dé o! Ẹ má bínú pé mo pẹ́, ara màámi ló ń ro wọ́n, ẹnu wọn ò sì dákẹ́ láti ìgbà yẹn.

Àjàṣẹ́: Tíṣà, ẹ ò purọ́. Láàárín wákàtí kan, màámi ti rí ìyá kan tó ń ta aṣọ, wọ́n ti ń bá a jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń po eérú mọ́ ẹ̀lú, èmi ni mo wá di àlejò. Ọjọ́ kejì tí mo ní ká lọ wo ààfin, wọ́n ní kí n máa lọ. Mọ́ṣáláṣí yẹn sì rèé, wọ́n ní "ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà rèé", ẹnì kan ló tún wọn ṣe.

Ouidah: ibẹ̀ ni mo ti kábàámọ̀, alẹ́ kan ò tó, ẹ̀yin tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ fi méjì sí i, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ti Àjàṣẹ́. Màámi ò dé ọ̀dọ̀ ejò, etí òkun náà sì ni mo rò pé wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn bọ́ bàtà, wọ́n dúró sínú yanrìn.

Àgbómẹ̀ wá ni tiwọn. Àwọn ọkùnrin tó ń rán aṣọ alámì níbẹ̀, wọ́n á gé aṣọ pupa àti funfun ní àwòrán kìnnìún tàbí ẹja ńlá, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gbá a mọ́ orí aṣọ dúdú, ọba kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tiẹ̀. Kìnnìún ni Glèlè, ẹja ekurá ni Béhanzin. Màámi jókòó tì wọ́n bíi wákàtí mẹ́ta. Wọ́n yí ẹ̀yìn aṣọ padà wo ojú abẹ́rẹ́, wọ́n fi itọ́ ra aṣọ dúdú yẹn láàárín ìka méjì, wọ́n wo ìka, wọ́n ní "èyí kì í ṣe aró, ti ṣọ́ọ̀bù ni." Ọkùnrin yẹn ò gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìyẹn, ó rẹ́rìn-ín.

Ìkòkò kan wá wà lára aṣọ tí wọ́n kọ́, wọ́n lu ihò káàkiri ara ẹ̀, ọwọ́ méjì dì í mú. Afinimọ̀nà wa ní àmì Ghézo ni, pé tí gbogbo ọmọ ilẹ̀ bá fi ìka dí ihò kọ̀ọ̀kan, omi ò ní jò. Màámi wò ó títí. Wọ́n ní ṣé gbogbo ìjọba yẹn ò rówó ra ìkòkò mìíràn ni. Mi ò lè túmọ̀ ẹ̀ fún ọkùnrin yẹn. Wọ́n rà á ṣá, ó wà lára ògiri ẹ̀yìnkùlé wa báyìí, lókè ìkòkò aró.

Kétu: Ọmọ_Alákétu, a dé Akaba Ìdènà. Ìyókù, màámi fúnra wọn ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ, wọ́n ní tóo bá ráyè kóo yà sílé.

Ọmọ_Alákétu

Mò ń bọ̀ ní Sátidé, ẹ bá mi sọ fún wọn.

Kẹ́mi_Igbọ́nà

Ẹ kú àbọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ mẹ́ta péré ni èmi ní, pẹ̀lú ọmọ ọdún méje kan. Ìlú mélòó?

Wọlé-Wọ̀de

Méjì. Àjàṣẹ́ àti Ouidah. Ẹ gba Ìdìrókò lọ, ẹ gba ibẹ̀ bọ̀, kí ọmọ fọwọ́ kan ejò.